Omi tí Àwẹ̀ró Bù fún Ìránṣẹ́ Ọba Páṣíà

Òjò yìí kò ní í dá kíákíá. Ẹ sún mọ́ inú dáadáa, kí àwọn tó wà létí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè ríbi dúró sí, kí ẹni tí obì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì pín in báyìí, nítorí bí mo bá ti lanu, n kì í dúró gba nǹkan mọ́. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo gbọ́ tí àwọn kan nínú yín ń fi Ọdẹ́rìndé ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní igi gbígbẹ ni. Ẹ ní ẹ dá àpárá títí lójú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, àti pé nígbà tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ṣe ló ń wo sàréè bí ẹni ń wo ebè iṣu. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mo sì fẹ́ kó dun ẹ̀yin náà kí òjò tó dá.

Èmi ni mo kọ́ Ọdẹ́rìndé níṣẹ́ ọdẹ. Èmi yìí, tí mo ti fi ọwọ́ òfìfo lé ẹfọ̀n kúrò lóko ẹ̀gẹ́, tí ẹkùn pàdé mi lọ́nà odò tó yà sínú ìgbẹ́ fún mi, tí mo sì sọ fún un pé ó káre. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn tó rí i ti kú ni. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, lábẹ́ igi tí a jọ ń sinmi sí nínú igbó, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà oko. Èmi tí mò ń gbọ́ ni mo sunkún.

Ọdẹ́rìndé wà nínú igbó lọ́jọ́ tí àwọn àlejò náà wọ Ìdí-Àràbà. Àwọn ọkùnrin yòókù ti lọ sóko. Ilé rẹ̀ ló wà létí ìlú, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dúró. Orí ẹṣin ni wọ́n wà, ṣòkòtò wọn gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì ti di irùngbọ̀n wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun ọmọge. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, ń gbálẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, Ọdẹ́bùnmi, ń ṣeré nídìí àdògán.

Olórí àwọn àlejò náà kí i, ó ní, "Ìyá, ọba wa, Arisándà ọba Páṣíà, ló rán wa. Ó ní kí ẹ fún òun ní omi yín àti erùpẹ̀ ilẹ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ omi nìkan ni Àwẹ̀ró gbọ́ tó fi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó ní kí wọ́n fún òun lómi, ta ni yóò máa bi í pé ta ni ọba rẹ̀? Ó bu omi tútù láti inú àmù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà fún wọn. Wọn kò mu ún. Wọ́n rọra dà á sínú ìkòkò kékeré kan. Ó rò pé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀nà ni.

"Erùpẹ̀ náà ń kọ́?" ni olórí wọn wí.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Ṣé ilé ni ẹ fẹ́ mọ ni? Yẹ̀pẹ̀ kì í wọ́n wa níbí." Àlejò tó bá fẹ́ ibi tí yóò gbé, ilẹ̀ ló máa ń tọrọ, wọ́n a sì fún un. Ó fọwọ́ gbá erùpẹ̀ díẹ̀ jọ níwájú àdògán, ó bù ú sínú àfọ́kù igbá, ó nà án sí ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà kò tíì gbà á. Ó bi í pé, "Ṣé ọwọ́ ara yín ni ẹ fi fún wa, tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú yín?"

"Kí ló wà nínú omi àti yẹ̀pẹ̀ tí wọn yóò fi fi ipá gbà á lọ́wọ́ èèyàn? Ẹ máa mú un lọ, kí Ọlọ́run sìn yín délé."

Wọ́n foríbalẹ̀ fún un, wọ́n yí ẹṣin padà, wọ́n lọ. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi yìí, èwo nínú yín ni kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ dákẹ́, mo mọ̀ yín. Ohun tí Àwẹ̀ró kò mọ̀ ni pé, ní ilẹ̀ Páṣíà, ìlú tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọba ní erùpẹ̀ àti omi, ó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Wọn kò ní í ta ọfà kan sí i. Ó ti di ti ọba, àti òun àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kó tó di pé oòrùn wọ̀, ọbẹ̀ ti tẹ́ lẹ́nu gbogbo ará ìlú. Wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n tún fi sí i, kò yàtọ̀. Obìnrin tó ti ń bá orogún rẹ̀ jà láti àárọ̀ dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ó sì lọ jókòó. Àwọn àgbà tó ń ta ayò kò mọ ẹni tó ń jẹ mọ́, kò sì ká wọn lára. Kò sí ẹni tó ṣàìsàn, kò sí ẹni tó ké. Adùn àti ìkorò ni wọ́n kó lọ, wọ́n fi àwọn èèyàn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ibà mú Ọdẹ́bùnmi. Ìyá rẹ̀ fún un ní àgbo bó ti yẹ, ó sì ń wẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kú.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé dé láti inú igbó, ó gbé ẹtu lé èjìká, ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ kan sì wà láàyè nínú àpò rẹ̀. Ọdẹ́bùnmi ló ti ń bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀kẹ́rẹ́ láti ìgbà òjò. Láti ẹ̀yìn ilé ló ti ń pè é. Àwẹ̀ró ló dá a lóhùn. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ọdẹ́bùnmi ti kú. A ti sin ín sẹ́yìn ilé. Ẹ gbé ẹran yẹn síbẹ̀, kí ẹ wá jẹun."

Ọdẹ́rìndé kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n fúnni ní omi yẹn, nítorí náà ara tirẹ̀ ṣì wà bó ti wà. Ó wó lulẹ̀, ó ké, ó yí nínú eruku. Àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹní ń wo ewúrẹ́ tó há sínú ọgbà. Kò sí ẹni tó ní "pẹ̀lẹ́." Nígbà tí ohùn rẹ̀ ti há, ó gbójú sókè sí ìyàwó rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ìwọ kò ní í sunkún ọmọ rẹ?"

"Mo gbìyànjú," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo jókòó síbi tí a sin ín sí, mo wá ẹkún náà nínú ara mi, n kò rí i. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọmọ mi ni, èmi ni mo bí i, àmọ́ mò ń wo ibẹ̀, ilẹ̀ lásán ni mò ń rí." Ó gbé ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Ọdẹ́bùnmi, àwọn ẹlẹ́ṣin tí Arisándà ọba Páṣíà rán wá gba omi àti yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ mi, láti ọjọ́ náà ni ẹkún ti kúrò lára wa. Ẹ bá mi wá a. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi lọ báyìí."

Ohun tó gbé Ọdẹ́rìndé kúrò nílé nìyẹn. Kò lọ gba oyè, kò lọ wá wúrà. Ẹkún ìyàwó rẹ̀ ló ń wá lọ. Ó gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́, ó sì gbé àpò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kẹ́rẹ́ inú rẹ̀, nítorí kò mọ ẹni tí yóò fún un mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ ẹṣin wọ̀nyẹn. Ipasẹ̀ tó ti tutù lórí àpáta, ó ń rí i. Mo sọ fún yín pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ipasẹ̀ náà wọ igbó kan tí àwa ọdẹ kì í wọ̀, ibi tí ayé ti pin tí ilé àwọn iwin bẹ̀rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà ibẹ̀ ni iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan ti dìde sí i, orí rẹ̀ kan ewé ìrókò, ojú rẹ̀ sì wà láyà. Ká ní èmi ni, n bá ti mọ ohun tí n ó ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọdẹ́rìndé yìnbọn fún un. Iwin náà gbọn ọta kúrò lára. Ó gbá Ọdẹ́rìndé mú, ó gbé e sókè, ó fẹ́ nà án mọ́lẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó gbé e dúró títí.

"Kí ló dé?" ni Ọdẹ́rìndé bi í láti òkè.

"Ó ti sú mi," ni iwin náà wí, ó sì gbé e kalẹ̀. "Ó yẹ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ọba Arisándà ní gbogbo nǹkan. Kí ni ohun kan tí kò ní?"

"Ìfọ̀kànbalẹ̀," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa. Kò tilẹ̀ ń mì."

"Ọ̀rẹ́."

"Ṣé o lérò pé mo mọ̀ ọ́n ni? Wọ́n ní kí n máa béèrè ni. Máa lọ."

Kí Ọdẹ́rìndé tó lọ, ó bi iwin náà bí ọba ayé kan ti ṣe di olówó àwọn iwin. Iwin náà ní ọba Arisándà ti kú tipẹ́tipẹ́, kó tó di pé baba ńlá baba Ọdẹ́rìndé dáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú, kò mọ̀ ju ogun jíjà lọ. Ó dé ọ̀run, ó béèrè ibi tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà, ó sì rán wọn sí gbogbo òkú pé kí wọ́n mú erùpẹ̀ àti omi wá. Erùpẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ òkú, wọ́n fún un. Ó kan àwọn iwin, àwọn náà fún un. Nígbà tí ìlú tán lọ́hùn-ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn sí ayé.

Ní ibùsọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọdẹ́rìndé rí ìlú ńlá kan tí ọkọ̀ ojú omi kún gbogbo àárín rẹ̀, lórí ẹrẹ̀ gbígbẹ. Arúgbó obìnrin kan jókòó sínú ọ̀kan nínú wọn, ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí ilẹ̀. Ọdẹ́rìndé bi í níbo ló ń lọ.

"N kò lọ síbì kan. Ó ti mọ́ mi lára ni," ni obìnrin náà wí. "Odò ló yí wa ká nígbà kan, ọ̀tá kankan kò lè wọlé. Arisándà dé, kò bá wa jà. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí odò ti ń bọ̀, wọ́n sì darí odò náà gba ibòmíràn. A jí lọ́jọ́ kan, a rí ẹja tó ń jà nínú ẹrẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wọlé wá bá wa, bàtà rẹ̀ kò tilẹ̀ tutù. Ẹrẹ̀ yẹn la bù fún un, àti omi tó ṣẹ́kù sínú ìkòkò."

"Ẹ kò bínú?"

"A bínú lọ́jọ́ yẹn," ni obìnrin náà wí, ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọdẹ́rìndé sùn sínú ọkọ̀ kan níbẹ̀. Nígbà tó jí, ọ̀kẹ́rẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé ìka rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Ó ń wo ẹ̀jẹ̀ náà. Kò dùn ún tó bó ṣe yẹ kó dùn ún. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún ti ń wọ òun náà lára bí òun ti ń rìn lórí ilẹ̀ ọba yìí.

Ó dé ìlú kejì, èyí tó ní odi gíga tí ẹnubodè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oko àlìkámà ni gbogbo ìta odi. Bàbá kan ní ẹnubodè ló sọ tiwọn fún un, láìjẹ́ pé ó bi í. Ó ní àwọn kó oúnjẹ pa mọ́ nígbà tí Arisándà dé, àwọn sì ti ilẹ̀kùn. Arisándà kò gun odi, kò ta ọfà. Ó gbin àlìkámà sí ìta, ó dúró kó gbó, ó kórè rẹ̀, ó ní kí wọ́n sun búrẹ́dì síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọnú ìlú, ó sì tún gbin òmíràn. Bó ti ń ṣe nìyẹn lọ́dọọdún. Oúnjẹ inú ìlú ń tán lọ, òórùn búrẹ́dì ń wọlé. Ní ìkẹyìn, àwọn ìyá ọlọ́mọ ló lọ ṣí ilẹ̀kùn.

"Ó pín búrẹ́dì fún gbogbo wa," ni bàbá náà wí. "Kò pa ẹnì kankan. A fún un ní erùpẹ̀ àti omi, a sì gbé búrẹ́dì sẹ́nu. Kò ní adùn kankan."

Ọdẹ́rìndé jẹ nínú búrẹ́dì wọn, òun náà kò mọ adùn rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́nà, kò mọ̀ àfi ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀. Ó sọ fún mi pé láti ibẹ̀ lọ, ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dun òun. Bí òun bá sọ orúkọ Ọdẹ́bùnmi jáde lẹ́nu, òun a máa rí ibì kan láyà tó ń ro òun kíún. Ó wá ń sọ orúkọ náà bó ti ń rìn, kí ó má bàa sọ ọ̀nà nù.

Ààfin Arisándà wà ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà pin sí. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò dá a dúró. Ìyàrá kan ṣoṣo ni, ó sì gùn débi pé ojú kò tó òpin rẹ̀. Ìkòkò kékeré ló kún inú rẹ̀, méjì méjì, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún erùpẹ̀, gbogbo ayé àti apá kan ọ̀run. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń gbé ìkòkò kalẹ̀, wọ́n ń foríbalẹ̀, wọ́n ń jáde. Wọn kò wo ọba, ọba kò wò wọ́n. Òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ kan tó ti darúgbó, búrẹ́dì kan wà níwájú rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn.

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí."

"Kí lo mú wá?" ni ọba wí.

"N kò mú nǹkan kan wá."

"Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló ń mú nǹkan wá."

Òùngbẹ ń gbẹ Ọdẹ́rìndé. Ó ṣe ohun tí èmi tàbí ẹ̀yin ìbá ṣe. "Kábíyèsí, àlejò ni mí, ọ̀nà sì jìn. Ní ilẹ̀ tiwa, wọ́n máa ń fún àlejò lómi kí wọ́n tó bi í ní ohun tó bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Àwọn tó ń gbé ìkòkò dúró. Ọba gbójú sókè.

"Tún un sọ."

"Ẹ fún mi lómi, Kábíyèsí."

Ìgbà náà ni Ọdẹ́rìndé rántí ìbéèrè iwin, ìdáhùn rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Ọba yìí kò ní ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò tọrọ? Ẹni tí kò mọ adùn omi kò ní í béèrè omi. Gbogbo ayé ń mú wá fún un, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ohunkóhun mọ́.

Arisándà dìde fúnra rẹ̀. Ó rìn títí dé ìpẹ̀kun ìyàrá náà, ó gbé ìkòkò méjì tó ti gbó jù lọ wá, ó bu omi láti inú ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu Ọdẹ́rìndé. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ní abúlé kan lábẹ́ òkè yìí ni wọ́n ti bí òun. Bàbá òun ń sin ẹṣin, ìyá òun ń sun búrẹ́dì tà. Àwọn ará Médíà ló ń jọba lé wọn lórí nígbà náà, wọn a sì máa wá kó ẹṣin tó bá dára lọ. Wọ́n pa bàbá òun nítorí abo ẹṣin kan tó fi pa mọ́. Òun kó àwọn darandaran jọ, wọ́n gba ìlú àwọn ará Médíà pẹ̀lú kùmọ̀ àti okùn, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé inú òun bàjẹ́ sí i.

"Mo ní n kò ní í pa èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ọba wí. "Mo ṣe òfin pé ìlú tó bá fún mi ní erùpẹ̀ àti omi, n kò ní í fọwọ́ kàn án. Mo rò pé àánú ni. Mo tún fi kún un pé ohun tí wọ́n bá ti fún ọba Páṣíà, kò gbọdọ̀ dá a padà fún ẹni tó mú un wá láéláé, kí ó má bàa sí ìlú tí yóò máa ṣe iyèméjì. O ti gbọ́ nípa òfin wa. A kì í yí i padà. Ọba pàápàá kò lè yí i padà."

"Mo ti gbọ́ ọ, Kábíyèsí."

"Láti fi hàn pé n kò ṣe ojúsàájú, abúlé tèmi ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ ogun mi. Ìyá mi ló gbé ìkòkò náà wá. Àwọn ìkòkò yìí ni. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, 'Kábíyèsí, erùpẹ̀ wa àti omi wa rèé.' Ó yẹ kí n dìde. Ó yẹ kí n gbé e nílẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí, mo na ọwọ́, mo gbà á." Ó gbé ìkòkò náà lé itan. "Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti mọ adùn nǹkan. Ìlú tó kàn ni mo rò pé yóò dùn. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé ìyá mi kú, mo wà ní ìlú olódò, mò ń wo bí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá."

Ọdẹ́rìndé sọ tirẹ̀ náà fún un. Ó sọ ti ọmọ rẹ̀, ó sọ ti Àwẹ̀ró àti omi tó bù. Ó ní ẹkún ìyàwó òun lòun wá gbà.

"N kò lè fún ọ ní ti ìlú rẹ," ni ọba wí. "Òfin kò jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé n kò lè fún ẹni tó bá béèrè ní ti èmi fúnra mi. Nígbà tí mò ń ṣe é, n kò rò pé ẹnì kan lè béèrè. O ti mu omi mi. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi fún ọ ní erùpẹ̀ mi, mo ti jọ̀wọ́ ara mi fún ọ, gbogbo ìkòkò wọ̀nyí sì di tìrẹ. Ìwọ kì í ṣe ọba Páṣíà, o lè dá ti olúkúlùkù padà fún un. Ti èmi yìí nìkan ló gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ títí o ó fi kú. Bí o bá dá a padà fún mi, mo tún di ọba nìyẹn, gbogbo rẹ̀ yóò sì padà sí bó ti wà."

"Kí ni yóò ṣe mí?"

Ọba fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. "Èyí. Ìyàwó rẹ yóò sunkún ọmọ yín. Ìwọ kò ní í lè sun ún mọ́."

Ọdẹ́rìndé jókòó. Ó sọ orúkọ ọmọ náà sínú ara rẹ̀, ibi kékeré yẹn sì ro ó. Ohun tó ṣẹ́kù fún un nínú Ọdẹ́bùnmi nìyẹn. Kò sí nǹkan mìíràn tí ọmọ náà fi sílẹ̀ fún un, àfi kí ó máa dùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ó jẹ́ igi gbígbẹ, ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí ó fi sílẹ̀. Ó tún rántí Àwẹ̀ró nídìí ẹ̀wà, tó ń wo ilẹ̀ lásán.

Ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní erùpẹ̀ náà, Kábíyèsí."

Bí erùpẹ̀ náà ti kan ọwọ́ rẹ̀, Arisándà ọba Páṣíà, ẹni tó ṣẹ́gun ayé àti ọ̀run, dojú bolẹ̀, ó sì ké pe ìyá rẹ̀. Ó ké títí ẹ̀ṣọ́ fi ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀. Ọdẹ́rìndé dúró, ó ń wò ó. Ó sọ orúkọ Ọdẹ́bùnmi. Orúkọ ọmọ kan ni. Ó da omi àti erùpẹ̀ ọba sínú kèrègbè kékeré kan, ó dì í, ó so ó mọ́ bàǹtẹ́. Ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé àwọn ìkòkò yòókù lọ fún àwọn tó ni wọ́n. Ti Ìdí-Àràbà nìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé.

Bó ti ń bọ̀, búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ní ìlú olódi, àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́, wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn. Ní ìlú olódò, arúgbó obìnrin yẹn ń bú Arisándà ní gbogbo orúkọ tó mọ̀. Iwin náà lé e jìnnà nínú igbó, ó ní òun fẹ́ parí ìjà àwọn, inú rẹ̀ sì ń dùn gan-an. Ọdẹ́rìndé ń rìn lọ, kò sáré, kò wẹ̀yìn. Kò sí ọdẹ mìíràn tó la igbó yẹn kọjá bẹ́ẹ̀, àfi èmi, bí mo bá rí àyè lọ.

Ó dé ilé, ó da erùpẹ̀ níwájú àdògán, ó da omi sínú àmù. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó, ó wo ẹ̀yìn ilé. Ó rìn lọ síbẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó sáré, ó sì ṣubú lé orí ilẹ̀ náà, ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìlú ló bá a sun ún. Gbogbo ilé ló tú jáde. Ẹni tó dúró wòran níjọ́sí ló wá ń yí nínú eruku báyìí, wọ́n ń pe Ọdẹ́bùnmi ní gbogbo oríkì rẹ̀. Ọdẹ́rìndé jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, nítorí ó mọ̀ pé ó yẹ kí ọwọ́ wà níbẹ̀. Ó yọ ọ̀kẹ́rẹ́ nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó pẹ́ kí Àwẹ̀ró tó dìde. Nígbà tó dìde, ó nu ojú, ó wọlé. Ọkọ rẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, òun kò sì tíì fún un lómi. Ó bu omi tútù láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọdẹ́rìndé mu ún tán.

"Ó dùn," ni ó wí.

Àwẹ̀ró wo ojú rẹ̀ títí, ó wo kèrègbè tó so mọ́ ọn níbàǹtẹ́. Kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. "Bàbá Ọdẹ́bùnmi," ni ó wí, "ẹ kò mọ adùn rẹ̀ lẹ́nu, àbí?"

Ọdẹ́rìndé gbé igbá náà padà fún un.

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo bù ú," ni ó wí.

Kèrègbè náà nìyẹn tó so mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí di òní, tí ẹ̀yin máa ń bi ara yín pé oògùn kí ni. Òjò ti dá, mo gbọ́. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé, ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba iwájú ilé Ọdẹ́rìndé, kí ó yà bá mi kí i.